Okùn Inú Gílóòbù

Èmi ni mo di òfo mú, ìbẹ̀rẹ̀ téèpù,
lẹ́bàá ọ̀nà Ìlárá, kó tó kan ibi tí ọ̀dà ti tán
tí erùpẹ̀ pupa gba títì.
Láléyẹ di ìyókù mú, ó ń fà á lọ,
ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan láti Àjàṣẹ́,
bàtà rẹ̀ funfun fún eruku ọyẹ́.
Ó ní, "Má mira."
N kò mira.

Mítà mẹ́tàlélógójì ni kàmíọ̀ fi táyà kọ sílẹ̀,
dúdú, méjì-méjì, bí ẹni fi èédú fa ìlà.
Òjò kò tíì wá pa á rẹ́.
Lánàá ó ti yá kàmíọ̀ mìíràn, ó di ẹrù òwú lé e,
ó tẹ búréèkì mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí ọ̀dà yìí kan náà
kó lè mọ bí ilẹ̀ Kétu ṣe ń di nǹkan mú.
Ẹ̀yìn páálí sìgá ló ti ṣe ìṣirò:
kìlómítà mọ́kànlélọ́gọ́rin ní wákàtí, ó kéré tán,
níbi tí pátákó ti ní àádọ́ta.

Ẹ tún wo ohun kan.
Àpá búréèkì kò bẹ̀rẹ̀ kí gíláàsì tó fọ́.
Ẹ̀yìn gíláàsì ló ti bẹ̀rẹ̀.
Awakọ̀ kọ́kọ́ pa á
kó tó rántí pé òun lẹ́sẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo ti sọ tèmi fún àwọn jàńdámù.
Mo ní ọmọ náà kò tanná.
Ta ni kò mọ̀? Ẹni tó bá ru epo kpayo
kì í tanná, kí aṣọ́bodè má baà rí i.
Inú ilé ọlọ mi ni mo wà, ẹ̀rọ ń ké, àgbàdo ń kúnná,
mo gbọ́ gbàà!
Mo sáré jáde. Òkùnkùn ni mo bá,
òkùnkùn náà ni mo fi ṣe ẹ̀rí.

Láléyẹ tú àpò ìwé kékeré kan:
gílóòbù àlùpùpù, gíláàsì rẹ̀ ti lọ,
ó ku ìdí, ó ku okùn inú rẹ̀,
tó tín ju irun orí ọmọ tuntun.
"Bó bá tutù nígbà tí wọ́n kọlu ara wọn,
á kán péú bí ẹ̀ka igi ẹ̀ẹ̀rùn.
Bí iná bá ń jó nínú rẹ̀,
á rọ̀, á fà bí ilá."
Ó gbé awò lé mi lójú.

Ó fà.

Ìwé ẹ̀rí mi wà nínú fáìlì rẹ̀, mo mọ̀.
Kò ṣí i. Ó kàn bi mí, bí ẹni ń tọrọ omi:
"Ṣé o rí i ni, àbí o gbọ́ ọ?"

Ìyá ọmọ náà gbé omi wá fún wa nínú ike.
Rẹ̀mílẹ́kún lorúkọ tó sọ ọ́.
Òfo ló wà lọ́wọ́ mi, òfò ló wà lọ́wọ́ rẹ̀,
àmì ohùn kan péré ló là wá láàárín.
Mo gba omi náà. Kò ṣe é mu.

Láléyẹ ní láti ojú awakọ̀ dé ẹsẹ̀ rẹ̀
ìṣẹ́jú àáyá kan àtààbọ̀ ni;
ọpọlọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé òótọ́ lohun tójú rí.
Láti etí mi dé ẹnu mi,
ọjọ́ mọ́kànlá.

"O lè fi sílẹ̀ báyìí," ó ní.
Ó ń ká téèpù, ó ń wọ́ lọ lórí ọ̀dà bí ejò tó ń relé,
ó gba orí gíláàsì kọjá, ó gba orí àbàwọ́n epo.
Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ dúró. Ẹ yọ ìwé mi jáde."
Ó fún mi ní bíírò.
Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.
Kò ní kí n má mira.